Kí Ẹ Tó Bú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Ẹ̀yin tó wà ní Ìràwọ̀-Ilé àti Ìràwọ̀-Òwòdé, ẹ̀yin ará Àgọ́-Àrẹ, Tedé àti Òfíkì, títí lọ dé Ṣakí, tó fi dé Ìsẹ́yìn, gbogbo ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bu omi fún yín, kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ gbọ́ mi fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo bá wá lónìí.

Mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn kan. "Ẹ̀rọ ìfọṣọ kẹ̀? Ní Ìràwọ̀ níbí?" Bẹ́ẹ̀ ni, níbí náà ni. Ọmọ tó wà l'Ékòó rà á ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Tíṣà dá àjọ, ó kó o, ó fi ra ọlọ́pọ́n méjì, èyí tí ọpọ́n kan ń fọ aṣọ tí èkejì ń fún un. Ẹni tó fẹ̀yìn tì l'Ábùjá kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ wálé, ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nínú ẹrù náà. Ẹ̀rọ ti wọlé. Ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí èèyàn wò nígbà tó bá dákẹ́ ni kò tíì pọ̀. Bó bá ti dún lódì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì dúró, a ó ju aṣọ lé e lórí, ó di tábìlì nìyẹn. Mo ti rí èyí tí wọ́n ń kó àgbàdo sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó jó.

Màmá kan wà ládùúgbò wa, ọmọ wọn ra ẹ̀rọ tuntun fún wọn ní Ìbàdàn, irú èyí tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì roboto níwájú. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e gba Ìsẹ́yìn wá. Ọmọ náà so iná mọ́ ọn, ó so omi mọ́ ọn, ó kó aṣọ sí i, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí ẹ̀rọ fi dé ibi tó ti ń fún aṣọ. Ó kọ́kọ́ gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó fò. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń jó bọ̀ níbi tí màmá jókòó sí, gbì, gbì, gbì, bí ẹni tó ń bọ̀ wá jà. Màmá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó di ìta gbangba. Kí n tó débẹ̀, èrò ti pọ̀ lójú fèrèsé. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n kùn lọ́dà tí wọ́n tà fún wọn. Ẹlòmíràn rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán.

Mo yọ iná rẹ̀, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀tì gígùn mẹ́rin ni mo rí, wọ́n fi di ọpọ́n inú rẹ̀ pinpin mọ́ ara irin ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fi wọ́n síbẹ̀ kí ọpọ́n má baà máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ọkọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti gúnlẹ̀, dandan ni kí a tú wọn kí a tó fi fọ ohunkóhun, nítorí orí sipirín ló yẹ kí ọpọ́n náà ti máa fì. Bí a kò bá tú wọn, ọpọ́n kò rí ibi fì sí, gbogbo ara ẹ̀rọ ni yóò máa bá a jó. Sípánà kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi parí ẹjọ́ náà. Mo ní kí màmá tọ́jú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí bí wọ́n bá máa gbé ẹ̀rọ náà lọ ibòmíràn lọ́jọ́ iwájú, wọn yóò tún nílò wọn.

Ẹ má fi màmá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Bendix ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń dá ṣiṣẹ́ jáde fún àwọn onílé ní ọdún 1937, kò sí sipirín nínú rẹ̀ tó lè gba irú ijó bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ńṣe ni wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ilẹ̀. Òyìnbó náà ti rí ẹ̀rọ tó ń rìn. Hans Rosling, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Sweden kan, sọ nínú ọ̀rọ̀ kan tó bá àwọn èèyàn sọ ní 2010 pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ kọ́kọ́ wọ ilé àwọn, ìyá-ńlá òun jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ó fi fọ aṣọ tán. Igi ìdáná ni ìyá náà fi ń gbé omi aṣọ kaná ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi fọ aṣọ ọmọ méje. Ìyá Sweden jókòó, ìyá Ìràwọ̀ sá. Bí ti Sweden bá jó ni, àwọn náà á sá.

Ohun tí mo rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ màmá ni pé ẹ̀rọ wọn kò ní àléébù kankan. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè mí, mi ò kì í fa sùkúrúdíráfà yọ lápò kí n tó wo ohun tó yí ẹ̀rọ ká. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí mo ti dá lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ìta ẹ̀rọ ni ẹ̀bi wà: iná tó ń jẹ, omi tó ń mu, ilẹ̀ tó dúró lé, ẹrù tí a kó sí i nínú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ ibì kankan, kó fa púlọ́ọ̀gì yọ lára ògiri. Mi ò ní kí ẹ kàn pa bọ́tìnnì o. Ẹ fà á yọ pátápátá, kí ẹ gbé orí rẹ̀ síbi tí ojú yín ti tó o. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wà nínú àwọn ilé wa tó jẹ́ pé ẹni tó so wáyà rẹ̀ ti ṣi wáyà mú gba inú bọ́tìnnì. Ẹ ti pa á, iná ṣì ń bẹ nínú ẹ̀rọ. Ọwọ́ tútù àti ilẹ̀ tútù ni ẹ̀yin sì fi dúró tì í.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iná. Tirẹ̀ á gùn díẹ̀.

Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ tí kò dún rárá, kò kùn, kò tan iná kankan, ẹ ti nǹkan mìíràn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, bóyá fáànù tàbí ṣájà fóònù. Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ tún ṣe. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ẹ tú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn wò: fíúùsì kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó lè ti jó. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí lára rẹ̀ ni kí ẹ fi ra òmíràn. Mo bẹ yín, ẹ má fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e. Mo mọ̀ pé a máa ń ṣe é. Iṣẹ́ fíúùsì ni pé kó kú kí ẹ̀rọ má kú. Ẹni tó wé e ní bébà ti gba ikú lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Bí fíúùsì tuntun bá sì tún jó lójú ẹsẹ̀, wáyà ń kan ara wọn nínú lọ́hùn-ún, ẹ pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa kọ́ nìyẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó ń kùn "hùn-ùn-ùn" tí kò yí. Iná tó yẹ kó wọlé wá bá wa jẹ́ 230 fóólùtì. Ilé tó bá jìnnà sí tìràńsífọ́mà, tí gbogbo àdúgbò tan nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iná dé, èyí tó máa délé náà lè jẹ́ 160. Ẹ lè rò pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, pé ẹ̀rọ á kàn máa rọra yí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá dín díẹ̀, agbára tí irú ẹ̀rọ yìí fi ń yí máa ń dín ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Láti 230 sí 160, iná dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta, ṣùgbọ́n agbára ìyí ti já sí ìdajì, kò tilẹ̀ pé ìdajì. Aṣọ ń bẹ nínú ọpọ́n, omi ń bẹ nínú rẹ̀, wọ́n wúwo bí wọ́n ṣe wúwo. Ó dà bí ìgbà tí a gbé àpò gààrí bàbá ru ọmọ. Ẹ̀rọ á máa tiraka, kò ní lè gbéra, gbogbo iná tí kò rí fi yí á di ooru nínú wáyà rẹ̀. Láìpẹ́ ẹ ó gbọ́ òórùn. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn rí kì í gbàgbé rẹ̀, owó tó ná lé e lórí kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé iná kò dáa? Ẹni tó ní mítà kó wọ̀n ọ́n. Èmi kì í tan ti ilé mi bí kò bá tó 190. Ẹni tí kò ní mítà, kó má wo gílóòbù o. Gílóòbù àtijọ́, èyí tó máa ń pọ́n bí ojú ẹni tó mutí nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, ló máa ń sọ òtítọ́ fún wa, a sì ti kó o dànù. LED tí a ń lò báyìí lè máa mọ́lẹ̀ rekete nígbà tí iná ti já sí 150, á ní kò sí nǹkan kan. Fáànù òkè ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá gbé e sí márùn-ún tí ẹ ṣì ń rí apá rẹ̀ kà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí aṣọ náà dúró di ìdájí, nígbà tí àdúgbò bá ti sùn tí iná sì ti gbéra.

Sìtábíláísà ń ran èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ èyí tí ẹ rà fún tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní "I better pass my neighbour" náà ń kọ́? Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ nígbà tó wà ní tuntun. Ó lè gbé ọlọ́pọ́n méjì, bí fírííjì kò bá sí lórí rẹ̀, tí aṣọ kò sì kún ọpọ́n, nítorí lásìkò tí ẹ̀rọ bá fẹ́ gbéra ló ń jẹ iná jù, ìlọ́po mélòó kan ohun tó ń jẹ nígbà tó bá ti ń yí. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná fúnra rẹ̀ lè jẹ tó 2,000 wáàtì. Ẹ yí tirẹ̀ sí omi tútù. Oòrùn Òkè-Ògùn ti bá wa yá omi tó.

Mo tún fẹ́ kí ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà fetí sílẹ̀. Ìfẹ́ ló mú kí ọmọ kó ẹ̀rọ ìfọṣọ sínú kọ̀ǹténà, ẹ má bá a jà. Ṣùgbọ́n 120 fóólùtì ni iná wọn lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ yẹn bọ 230 tiwa, ìṣẹ́jú akàn ni. Ọkùnrin kan pè mí síbi irú rẹ̀, èéfín ló kí mi káàbọ̀. Tìràńsífọ́mà kékeré wà tí a fi ń sọ iná tiwa di tiwọn, ó gbọ́dọ̀ tóbi ju ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ lọ dáadáa. Òun náà kò lè ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí iná wọn ń mì nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń mì nígbà 50, kò sì sí tìràńsífọ́mà tó ń yí ìyẹn padà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó yẹ kó yí ìgbà mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn, ìgbà márùn-ún ni yóò yí lọ́dọ̀ wa, á sì máa gbóná. Èyí tó bá ti Gẹ̀ẹ́sì wá kò ní ìṣòro yìí, iná wọn bá tiwa mu. Pátákó kékeré kan wà lẹ́yìn gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ ní kí ọmọ yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí yín kó tó kó o sínú ọkọ̀ ojú omi.

Ká ní fáànù ń fẹ́ gidi, iná dáa, ẹ̀rọ ṣì ń kùn tí kò yí ńkọ́? Púlọ́ọ̀gì wà nílẹ̀, àbí? Ẹ kó aṣọ kúrò, kí ẹ fi ọwọ́ yí àwo tó wà nísàlẹ̀ ọpọ́n. Bí ó bá le, nǹkan há sábẹ́ rẹ̀: ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ilé ìwé, áńkáṣíìfù, okùn ṣòkòtò. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló máa ń wà láàárín àwo náà. Ẹ tú u, ẹ gbé àwo sókè, ẹ ó rí ọ̀daràn. Bí ó bá yí gẹ̀ẹ́rẹ́ láìsí wàhálà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kàpásítọ̀ ló ti kú. Kàpásítọ̀ ni ó ń ti ẹ̀rọ nígbà àkọ́kọ́ kó tó gbéra, bí àwọn ọmọkùnrin ṣe ń ti ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí kò bá sí ẹni tó máa tì í, á jókòó síbẹ̀ máa kùn.

Níbi kàpásítọ̀ yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dá ọwọ́ dúró. Ó lè tọ́jú iná sínú lẹ́yìn tí ẹ ti fa púlọ́ọ̀gì yọ, ó sì lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni nọ́ńbà ara rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọlọ́pọ́n méjì, ti ìfọṣọ máa ń wà ní nǹkan bí 10, ti ìfúnṣọ nǹkan bí 5. Bí oníṣẹ́ bá sọ fún yín pé òun bá yín wá èyí tó tóbi jù kó lè lágbára sí i, ẹ ní rárá. Nọ́ńbà tó jáde ni nọ́ńbà tó gbọ́dọ̀ wọlé.

Ọpọ́n kékeré tó ń fún aṣọ ní ìwà tirẹ̀. Kì í yí bí ìdérí rẹ̀ kò bá dé dáadáa, nítorí bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ ìdérí náà tó ń gé iná. Wọ́n fi síbẹ̀ kó má baà ká ọmọdé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, òkúta kékeré tàbí kóró ọṣẹ tó gbẹ ló há sí i. Ti bọ́tìnnì aago tí a ń yí, apá ọ̀tún nìkan ni kí ẹ máa yí i sí. Àwọn ọmọ máa ń yí i padà sẹ́yìn kí iṣẹ́ lè tètè parí, eyín inú rẹ̀ á sì kán.

Omi ńkọ́? Ọlọ́pọ́n méjì kò ní ẹjọ́ níbẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì la fi ń bu omi sí i. Ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ ló ní ìgbéraga. Àwọn tó ṣe é gbà pé omi ìjọba ń tì wọlé nínú páìpù tagbáratagbára. Tiwa, inú kànga la ti fà á lọ sínú tánkì, gíga tánkì nìkan sì ni agbára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà fẹ́ kí omi ga tó mítà mẹ́ta sí márùn-ún ju ibi tó ti ń wọ ẹ̀rọ lọ. Tánkì tí a gbé ka búlọ́ọ̀kù mélòó kan, tí èèyàn lè fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀ láìgun nǹkan, kò tó. Omi á máa kán tó, tó, tó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹ̀rọ á dúró, á máa ké "pí, pí", á kọ lẹ́tà síwájú orí. Ti LG á kọ IE, ti Samsung á kọ 4C tàbí 4E. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: omi kò dé ọ̀dọ̀ mi. Bí LG bá kọ OE, tí Samsung kọ 5C tàbí 5E, omi ti wọlé, kò rọ́nà jáde ni. UE ní tirẹ̀, ẹrù fì sápá kan. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, ìwé tí a máa ń fi dáná ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá lágbára kó gbé tánkì ga, tàbí kó fi pọ́ọ̀ńpù kékeré sójú ọ̀nà omi. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣe é, bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́nu òkè, kó bu omi dà á sínú ọpọ́n ní tààrà. Ẹ̀rọ ń wọn ìwọ̀n omi tó wà nínú rẹ̀ ni, kò bìkítà ibi tó gbà wọlé. Àmọ́ kí ẹ tó gun tánkì, ẹ kọ́kọ́ tú rọ́bà omi lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí ẹ yọjú wo ibi tó ti wọlé. Asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Iyanrìn kànga wa máa ń dí i pátápátá. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó la fi ń fọ̀ ọ́. Mo ti gba owó ọkọ̀ láti Ìràwọ̀ lọ sí Ṣakí nítorí asẹ́ yìí, ojú sì tì mí láti gba owó iṣẹ́ lé e.

Ibi tí omi ti ń jáde ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù, torí irú ẹ̀rọ méjèèjì lòdì síra wọn níbẹ̀. Ọlọ́pọ́n méjì tí ọ̀pọ̀ wa ń lò kò ní pọ́ọ̀ńpù. Omi kàn ń ṣàn wálẹ̀ ni. Rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn sílẹ̀, kó rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ọpọ́n lọ. Baálé kan gbé tirẹ̀ gba ojú fèrèsé kí ilé má baà tutù, ó wá ń bi mí léèrè ìdí tí omi kò fi jáde. Omi wo ló máa gun òkè? Ẹlẹ́nu iwájú ní tirẹ̀ ní pọ́ọ̀ńpù, rọ́bà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ga tó nǹkan bí ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà kúrò nílẹ̀, ó kéré tán. Bí ẹ bá tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, bí omi ṣe ń wọlé ló ṣe máa ń fà jáde. Ẹ̀rọ á máa pọnmi, kò ní kún láéláé, tánkì yín á gbẹ.

Pọ́ọ̀ńpù náà ní asẹ́ tirẹ̀, nísàlẹ̀ níwájú, lẹ́yìn ilẹ̀kùn kékeré kan. Ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ síbẹ̀ kí ẹ tó tú u, ẹ sì tú u díẹ̀díẹ̀. Àwọn òyìnbó kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé owó ẹyọ ni ẹ máa bá níbẹ̀. Níbo la ti ń rí owó ẹyọ ná mọ́? Ní Òkè-Ògùn, ohun tí mò ń bá níbẹ̀ ni ẹ̀gúsí, hóró àgbàdo, èèpo ẹ̀pà, irin kọ́mú, àti ìṣó. Ẹ̀gúsí ló burú jù nínú wọn. Bó bá ti rin, á wú, á lẹ̀ mọ́ ibi tó há sí. Kí aṣọ oko tó wọ ẹ̀rọ, ẹ gbọn àpò rẹ̀ síta. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ náà, pàápàá nígbà ọyẹ́, nígbà tí eruku pupa bá ti mu gbogbo aṣọ.

Ọṣẹ oníyẹ̀fun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Omo bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òmíràn, a máa ń dà á jù. Ìfófòó púpọ̀ kì í fọ aṣọ; nínú ẹlẹ́nu iwájú, ńṣe ló máa ń dá pọ́ọ̀ńpù lọ́wọ́ dúró tí ẹ̀rọ kò fi ní lè fún aṣọ. Bí omi kànga yín bá jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, tó ń fi funfun sílẹ̀ ní ìdí kẹ́tùrù, omi òjò dára jù ú lọ fún ẹ̀rọ. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Ní ti ariwo àti ìgbọ̀n, bí kò bá sí nọ́ọ̀tì lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ fi ọwọ́ mì í wò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹsẹ̀ tó bá fò lókè, ẹ yí i wálẹ̀ títí yóò fi tẹlẹ̀. Ẹ má fi páálí há a, páálí á rin, á rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹrù. Agbádá kan ṣoṣo tó rin gbingbin nínú ọpọ́n ìfúnṣọ á lọ sápá kan, á máa na ògiri. Ẹ fi aṣọ kéékèèké kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi pèpéle rọ́bà tó bá ẹ̀rọ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Aṣọ òfì, ní tèmi, kò ní nǹkan kan ṣe nínú ẹ̀rọ. Àwọn ará Ìsẹ́yìn tó hun ún mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi jókòó tì í. Òwú tó ń dán lára rẹ̀ máa ń fà yọ nínú ọpọ́n, àwọ̀ rẹ̀ á sì ran aṣọ mìíràn.

Eku náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí ọ̀pọ̀ ọlọ́pọ́n méjì ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ móoru, ó ṣókùnkùn, wáyà rẹ̀ rọ̀ lẹ́nu. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tí pátákó rọ́bà pẹlẹbẹ kan bá a wá nínú páálí, ẹ má sọ ọ́ nù. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ní kí ẹ fi dí.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí ẹ pe oníṣẹ́ láìfọwọ́ kan nǹkan kan? Bí ara ẹ̀rọ bá ta yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ fara kàn án, bó ti wù kó kéré mọ. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjóná. Bí omi bá ń jò sílẹ̀ láti abẹ́ rẹ̀ nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Bí ó bá ń dún bí ọkọ̀ òfuurufú nígbà tó ń fún aṣọ, bíárìn rẹ̀ ti jẹ tán nìyẹn, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ di títú palẹ̀. Ní ti èyí tó ń ta èèyàn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, èyí tó gùn jù, ilẹ̀ ló yẹ kó kó iná tó sọnù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ihò rẹ̀ wà lára ògiri ṣùgbọ́n wáyà kankan kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó so iná ilé yín kó wá ri irin mọ́lẹ̀, kó so ó mọ́ ọn. Ẹ má sì tẹ́ wáyà èkísítẹ́ńṣọ̀n sórí ilẹ̀ tí omi ọṣẹ ń ṣàn lé.

Bí oníṣẹ́ bá dé, ẹ má sọ fún un pé "kò ṣiṣẹ́" nìkan. Ẹ sọ bó ṣe dún, ibi tó dé kó tó dúró, lẹ́tà tó kọ, àti bí iná ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ìyẹn nìkan lè dín owó iṣẹ́ kù, torí kò ní tú ohun tí kò bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ fírííjì la máa gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà. Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín wà nínú ilé tó ń ṣe iṣẹ́ tábìlì, ẹ gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀ lọ́la. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì ń kùn tí kò yí, kó gbójú sókè wo fáànù ilé rẹ̀ kó tó pè mí.